Ìka Ni Mo Wí, Bàbá

Winnipeg, Kanada
Ojo kerin, osu Kesan-an, 2025

Baba mi owon,

E ku ojo meta, e ku afojusona. Se alaafia ni e wa ni Nyanya? Mama nko? Se orunkun yin ti n je ki e rin daadaa? Otutu ti n bo nibi, aso meta ni mo n wo lera lo sibi ise.

E ma binu pe mi o fi ami sori oro. Foonu mi ko mo on fi si, emi naa ko si mo on. Abuja le kuku bi mi si. Mo mo pe eti yin ko fi bee gba foonu, Mama ko si le pa asiri mo, idi niyi ti mo fi fi iwe yii ranse si Saheed ti o ni soobu konputa, ki o te e jade fun yin.

Baba, ise kan ni mo fe be yin. Osu Kejila ni mo n bo fun idana emi ati Tobi. Nnkan kan wa ti mo fe se fun un lojo naa, sugbon mi o le se e lai mo bi ika re se to. Emi wa nibi, oun wa ni Lokogoma. Eyin nikan ni e le ba mi wo ika re. Ika owo osi gan-an ni mo fe mo. E ma je ki o fura rara. Ti e ba ba a nibi ti o ti n sun, e le fi okun won on.

Ta ni o tun mo ika ju yin lo? Odun marundinlogoji ni e fi wo ika awon elewon. Mo n reti yin.

Omo yin,
Feyi


Nyanya, Àbújá
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹsàn-án, 2025

Fèyí ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ìyá rẹ ì bá kí ọ, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un pé mò ń kọ̀wé. O béèrè orúnkún mi, o ṣeun, àmọ́ o kò béèrè àwọn adìẹ mi rárá, méjì nínú wọn sì ti kú.

Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo bọ́ awò ojú mi, mo fi etí aṣọ nù ún, mo tún kà á: ìkà náà ni mo rí. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n orí mi wú pé èmi ni o fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀. Òótọ́ lo sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti wọṣẹ́ wọ́dà títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sí irú ìkà tí n kò rí. Mo rí ńlá, mo rí kékeré. Mo rí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò lè pa eṣinṣin, òun gan-an ló sì burú jù. Ti ọwọ́ ọ̀tún kò ní wàhálà, gbogbo ayé ní í rí i. Ti ọwọ́ òsì niṣẹ́ wà, nítorí òun ni ènìyàn máa ń fi pamọ́ sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ okùn nìkan ni kò yé mi. Àwa kì í fi okùn wọ̀n ọ́n níbi iṣẹ́ tiwa. Adájọ́ ló ń wọ̀n ọ́n, ọdún ló sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Má jáyà. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí o bá ń bọ̀, bá mi ra ìbọ̀sẹ̀ onírun méjì, kó má jẹ́ pupa.

Èmi bàbá rẹ tí kò tíì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀,
Ọládùnjoyè


Winnipeg, Kanada
Ojo kerinlelogun, osu Kesan-an, 2025

Baba mi owon,

E ku ise takuntakun. E pele nitori awon adie. Iru iku wo lo pa won?

Mo rerin-in titi nigba ti mo ka oro adajo yen. Awon igi keekeeke ti e n to sori oro, mi o mo ohun ti won n se nibe, mo kan n fo won ni. Sugbon gbogbo ohun ti e so lo ye mi.

Baba, mo mo pe ika Tobi tobi. Mo ti ri i nibi ti o ti n jeun. Ti baba re naa tobi, ti iya re gan-an ko kere, o wa ninu ebi won ni. Ko di nnkan kan, mo feran re bee. Sugbon mo fe mo bi o se tobi to gan-an, ki n ma ba se asise ti n ko ni le tun se leyin idana. Obinrin kan nibi ise mi ko wo ika oko re daadaa. Nigba ti ojo pe, omije lo fi pari re. Oun lo kilo fun mi.

E ma wo o laaaro o. Won ni aaro lo maa n kere. Ti oorun ba mu ni osan, a wu. E wo o losan.

Mo ti ra ibose yin. Pupa nikan lo ku.

Omo yin,
Feyi


Nyanya, Àbújá
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, 2025

Fèyí ọmọ mi,

Ara mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ tí ìwé rẹ kejì ti dé. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé ìkà Tóbi tóbi, pé ti bàbá rẹ̀ tóbi, pé ìyá rẹ̀ pàápàá kò gbẹ́yìn. O wá ní o fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí lẹ́nu àwọn obìnrin tó máa ń wá wo ọkọ wọn lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. N kò mọ̀ pé n óò tún gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tèmi. Omi bọ́ lójú mi.

Mo lọ sí Lokogoma lọ́sàn-án Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí oòrùn mú, nítorí o ní ìgbà náà ló máa ń wú. Lẹ́nu géètì, mo bi Mukhtar tó ń ṣọ́ ẹsítéètì wọn léèrè ìwà rẹ̀. Ó ní, "Kai, Baba! Oga Tobi? Na good man!" Ó ní Tóbi ló ra bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ òun. Mo wo bàtà náà dáadáa. Bàtà gidi ni. Ṣùgbọ́n oníkà tó bá gbọ́n, ẹnu géètì ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mo wọlé. Wọ́n ti mú iná lọ. Fáànù oníbátìrì kan ṣoṣo tó ní, ọ̀dọ̀ mi ló dojú rẹ̀ kọ, òun fúnra rẹ̀ ń làágùn. Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ títí tó fi bi mí pé, "Dádì, ṣé nǹkan wà lọ́wọ́ mi ni, sà?" Mo ní rárá. Ó lọ fọ̀ ọ́. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ni mo yẹ ilé ìdáná rẹ̀ wò. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo rí níbẹ̀ nìyí: eku kan lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ṣì wà láàyè, ó ń wò mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá bàbá rẹ̀ ní Kubwa. Tóbi wà níbẹ̀, wọ́n ń jẹ iyán. Wọ́n ní kí n wá wẹwọ́, mo kọ̀, nítorí a kì í jẹ oúnjẹ ẹni tí a ń wádìí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ìkà wà nínú ẹbí yín. Wọ́n ní tiyín tóbi, wọ́n ní ti ìyàwó yín náà kò kéré." Ọkùnrin náà gbé òkèlè dúró láàárín àwo àti ẹnu. Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Fèyí ni." Mo yíjú sí Tóbi, mo ní, "Ó ní ìkà tìrẹ náà tóbi, àmọ́ òun fẹ́ràn rẹ bẹ́ẹ̀."

Tóbi dìde, ó wẹwọ́, kò sì padà sídìí iyán mọ́. Bàbá rẹ̀ fi ọ̀nà hàn mí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ tú ìdána ká, kó tú u ká, kó má bú òun mọ́ inú ilé òun.

Ọmọ mi, kí n sọ tòótọ́, èmi kò rí ju eku yẹn lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni adájọ́, n kò lè rán an lẹ́wọ̀n lórí eku. Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ìkà kò sì ní fi oníkà sílẹ̀. Bí o bá ní kí n lọ dá gbogbo ètò oṣù Kejìlá dúró, ọ̀la ni n óò lọ. Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà.

Bàbá rẹ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́,
Ọládùnjoyè

Ìbọ̀sẹ̀ pupa náà, máa mú un bọ̀.


Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, 2025

Bàbá,

ÌKA! Ìka ni mo wí! Ìka ọwọ́! Èyí tí a fi ń họ orí, tí a fi ń lá ọbẹ̀, tí ẹ máa ń nà sí mi tí mo bá pẹ́ níta. Márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì. Ta ló dárúkọ ìkà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò kọ́kọ́ kí yín. Kenny tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló jókòó tì mí, Yorùbá ló kà ní yunifásítì, òun ló ń bá mi fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí. N kò tún ní fi ìwé tí kò lóhùn ránṣẹ́ sí yín mọ́ láéláé.

Òrùka ni mo fẹ́ ṣe fún un, Bàbá. Òrùka wúrà. Gbogbo ìdána tí mo ti lọ rí, ọkùnrin ló máa ń fi òrùka bọ obìnrin lọ́wọ́, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ á wá dúró lọ́wọ́ òfo bí ẹni tó wá sin ènìyàn wá. Mo fẹ́ kí èmi náà fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà nínú yìnyín yìí, kò sí ọjọ́ kan tí Tóbi kì í pè mí kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ fún un pé ẹni tó bá ti lọ sí Kánádà ti lọ nìyẹn. Ó ń dúró dè mí. Mo fẹ́ kí nǹkan kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi hàn pé kò dúró lásán.

Ní báyìí, ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí kò gbé fóònù mi. Mo rò pé àìsàn ló ń ṣe é ni, àṣé bàbá mi ló lọ sọ fún un níwájú iyán pé mo ní ìkà ni òun àti àwọn òbí rẹ̀. Mò ń sunkún bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Kenny náà ń sunkún, ó ṣáà ń fi àmì sí i lọ.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ bẹ àwọn òbí rẹ̀. Bí Tóbi bá kọ̀ mí nítorí ọ̀rọ̀ yìí, n kò mọ ohun tí n óò ṣe. Tí ẹ bá ti bẹ̀ wọ́n tán, ẹ lọ sọ́dọ̀ Ummulkhulthum, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta góòlù ní Wuse, ó ti ń retí yín. Ẹ bá mi yan òrùka kan tó ń dán lásán. Kò gbọdọ̀ ní òkúta lára. Kò gbọdọ̀ ní orí kìnnìún. Kò gbọdọ̀ nípọn bíi ti alága ẹgbẹ́ onímọ́tò. Ẹ má sì sọ fún Tóbi pé òrùka ni o, ìyẹn ṣì jẹ́ àṣírí.

Ọmọ yín tí ojú rẹ̀ ti wú,
Fèyí


Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìdákẹ́jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, n kò gbúròó yín. Mo pe Saheed, ó ní ẹ kò wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, pé Mama ló ń wá ra búrẹ́dì ládùúgbò òun báyìí, kì í ṣe ẹ̀yin. Mo pe Mama, ó ní òun kò lè sọ̀rọ̀, pé ẹ ti mú òun búra. Mama mi? Mama tó sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti gba físà kí èmi gan-an tó mọ̀?

Tóbi pè mí lánàá. Inú mi dùn, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ó ń rín. Ó rẹ́rìn-ín títí káàdì rẹ̀ fi tán. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ni, "Béèrè lọ́wọ́ Dádì." Kí ni kí n béèrè? Bàbá, kí lẹ ṣe?

Fèyí


Nyanya, Àbújá
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kọkànlá, 2025

Fèyí ọmọ mi,

Mo gba ẹ̀bi. Ìdajì. Ìdajì kejì wà lọ́rùn ìwọ tó kọ ìwé tí kò lóhùn sí àgbàlagbà. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ pé n kò ka ìdána sí ìdáná, à bá ti ra sítóòfù tuntun dè ọ́.

Ìdí tí n kò fi kọ̀wé ni pé ọwọ́ mi wú. N óò ṣàlàyé. Nígbà tí ìwé rẹ dé, ojú tì mí. Kí bàbá lọ máa bẹ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ ọmọ rẹ̀, kò rọrùn. Mo ní kí n kọ́kọ́ ra òrùka náà, kí n lè rí nǹkan kan tì lẹ́yìn kí n tó lọ. Mo wọ mọ́tò, mo lọ sí Wuse.

Ummulkhulthum ọ̀rẹ́ rẹ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó bi mí pé, "Bàbá, kárátì mélòó lẹ fẹ́?" Mo ní ènìyàn ni yóò wọ̀ ọ́, kì í ṣe ehoro. Ó ní kì í ṣe èyí tí à ń jẹ, pé òun ni wọ́n fi ń mọ bí góòlù ṣe dára tó. Èmi fi eyín wò ó, ó dára. Ó gbé òrùka síwájú mi lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọ̀kan wà tó ní orí kìnnìún. Fèyí, ó wù mí! Kìnnìún náà jọ ọ̀gá wa àtijọ́ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n mo rántí àṣẹ rẹ, mo gbé e jù sílẹ̀, mo mú èyí tó ń dán lásán.

Ọmọ yẹn wá ní, "Báwo ni ìka rẹ̀ ṣe tóbi tó?" Gbogbo ìwádìí tí mo ṣe, eku nìkan ni mo mọ̀. Mo ní ọkùnrin ni, èmi náà ọkùnrin ni, jẹ́ kí n fi tèmi wò ó. A kì í sì í fi ọwọ́ òsì gba ohun rere, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí mo fi ń kọ̀wé, ni mo tì í bọ̀. Ó kọ́ lórí oríkèé, mo fi agbára tì í. Ó wọlé. Kò jáde mọ́.

A fi ọṣẹ sí i. A fi òróró sí i. Wọ́n mú omi dídì wá. Ọ̀rẹ́ rẹ gbé ayùn kékeré kan jáde, mo ní, "Ayùn kẹ̀? Lára òrùka ọmọ mi?" Mo dìde, mo wọ̀ ọ́ lọ sílé. Nínú mọ́tò Nyanya, Alhaji ni gbogbo wọn ń pè mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìka náà ti wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ìyá rẹ ní ilé ìwòsàn ló kàn. Kò bi mí kó tó pe Tóbi pé kó gbé mọ́tò rẹ̀ wá. Mo bá a jà. Mo ní, ta ló máa wá, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí mo sọ nílé bàbá rẹ̀? Èmi gan-an kò ní wá.

Fèyí, ó wá. Kò tó wákàtí kan tó fi ti Lokogoma dé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, èmi tí mo pè é ní ìkà lójú iyán àti bàbá rẹ̀. Ó wo ìka mi, ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú okùn wá." Àyà mi já. Mo rò pé ó fẹ́ dè mí ni, pé ẹ̀san ti dé. Ìyá rẹ mú òwú ìránṣọ rẹ̀ wá, Tóbi pa á pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin, ó di okùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ mi lé itan rẹ̀. Ó ki orí okùn náà bọ abẹ́ òrùka, ó fi ìyókù wé ìka mi le dandan, ó wá ń tú u díẹ̀díẹ̀, kí òrùka máa tẹ̀ lé e jáde. Kò ṣe é ṣe. Ó tún un wé. Kò ṣe é ṣe. Bí mo bá ti fa ojú ro, ó dúró, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ má bínú, sà." Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, òrùka gun oríkèé, ó já bọ́, ó yí lọ sábẹ́ àga. Adìẹ mi kan sáré tẹ̀ lé e. Ọlọ́run ló ṣe é, ìyá rẹ yára jù ú lọ.

N kò lè gbé ẹjọ́ náà mọ́ra mọ́. Mo ní, "Tóbi, ìka ni." Ó ní, "Kí ni, sà?" Mo ní, "Ìka ni Fèyí wí. Kì í ṣe ìkà. Bí ìka rẹ ṣe tóbi tó ló ní kí n wò fún òun, èmi ni mo kà á sódì." Ó wo òrùka. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi nà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbalaja. Nígbà tó dìde, omi wà lójú rẹ̀, ó ní, "Èmi? Òrùka?" Àṣírí rẹ tú níbẹ̀, fi jì mí. Mo fi ẹnu ara mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe pé mo rán ẹnikẹ́ni.

Mo ní kó wọ̀ ọ́ wò. Ó kọ̀. Ó ní Fèyí ni yóò fi bọ òun lọ́wọ́. Ó mú okùn yẹn kan náà, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ẹ wọ̀n ọ́n, sà."

Bàbá rẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ti gbàgbé, ṣùgbọ́n pé lọ́jọ́ ìdána, òun yóò bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn, kí n lè mọ bí ìka òun ṣe tóbi tó. Ẹ̀rù ọjọ́ náà ń bà mí.

Saheed ti fi sẹ́lótéèpù lẹ okùn náà mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé yìí, ó fi rúlà tì í kó tó ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ummulkhulthum náà ni n óò mú un lọ lọ́la, ó ní òun yóò fẹ òrùka náà díẹ̀ sí i.

Iṣẹ́ tí o rán mi ti parí. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Ìka Tóbi tóbi ju tèmi lọ. Ìkà rẹ̀ nìkan ni n kò rí, mo sì wá a dáadáa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọládùnjoyè